Pinkuylluna: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Àká Àwọn Ínkà Tó Wà Lókè Ollantaytambo

Kí ni Pinkuylluna gan-an?

Òkè olókùúta kan ni, ó yọrí sókè lẹ́yìn ìlú Ollantaytambo ní àfonífojì odò Urubamba, lórílẹ̀-èdè Perú. Lára òkè yẹn, níbi tí ẹ máa rò pé ewúrẹ́ nìkan ló lè dúró sí, ni àwọn Ínkà, ìran tó ń jọba níbẹ̀ kí àwọn ará Sípéènì tó dé, kọ́ àwọn ilé gbọọrọ olókùúta sí ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Àká ni wọ́n. Oúnjẹ ni wọ́n ń kó pamọ́ síbẹ̀. Qollqa ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní èdè Quechua, èdè tí àwọn Ínkà ń sọ, tí àwọn ará ìlú náà ṣì ń sọ títí dòní.

Pinkuyllu ni orúkọ fèrè kan ní èdè yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé "ibi tí wọ́n ti ń fọn fèrè" ni orúkọ òkè náà. Èmi ò gbọ́ fèrè níbẹ̀ o. Afẹ́fẹ́ ni mo gbọ́, ẹ ó sì rí i níwájú pé afẹ́fẹ́ yẹn gan-an ló gbé àwọn àká náà débẹ̀.

Kí ló dé tí n ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

Machu Picchu, ìlú àtijọ́ àwọn Ínkà tó lókìkí jù, ló fà á. Ollantaytambo ni èèyàn púpọ̀ ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀, nítorí náà bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ibùdókọ̀ ni ojú wọn wà. Àwọn tó bá ráyè díẹ̀ á wọ inú odi ńlá tó wà ní apá ìwọ̀ oòrùn ìlú. Pinkuylluna wà ní òdìkejì, gbogbo wọn ń rí i láti gbàgede ìlú, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, wọ́n á sì máa lọ.

Tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó gbé ìjọba Ínkà ró, kó lọ wo àká kó tó lọ wo tẹ́ńpìlì.

Báwo la ṣe ń dé Ollantaytambo?

Ẹ ó wọ ọkọ̀ òfurufú láti Lima lọ sí Cusco, ó fi díẹ̀ lé ní wákàtí kan. Láti Cusco, bọ́ọ̀sì kékeré kan wà tó jọ dánfó wa, òpópónà Pavitos ni wọ́n ti ń gbèrò. Bó bá kún ló ń gbéra. "Ollanta! Ollanta!" ni wọ́n máa ń ké, wọn kì í pe orúkọ ìlú náà tán, ẹ ó kàn rò pé Ọ̀jọ́ta lẹ wà. Ìrìn wákàtí kan àbọ̀ sí méjì ni, owó rẹ̀ sì kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti takisí.

Èló ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà?

Ọ̀fẹ́ ni. Odi ńlá tó wà lódìkejì ni wọ́n ń gba owó fún, ó sì wà lára tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn-àjò afẹ́ tí wọ́n ń pè ní boleto turístico, tó kó àwọn ibòmíràn bíi Pisac, Chinchero àti Moray pọ̀. Pinkuylluna kò sí nínú ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì òkè yìí fún yín, ẹ rẹ́rìn-ín sí i, kí ẹ kọjá.

Ibo ni ẹnu ọ̀nà wà?

Àárín ìlú ni. Ẹ kúrò ní gbàgede, ẹ bọ́ sí àárín àwọn òpópónà tóóró tó wà ní apá òkè rẹ̀, kí ẹ wá èyí tí wọ́n ń pè ní Lares. Àwọn Ínkà ló la àwọn òpópónà yẹn, òkúta wọn ló ṣì wà nísàlẹ̀ ògiri ilé tí àwọn èèyàn ń gbé, omi sì ń ṣàn nínú gọ́tà òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti ìgbà wọn wá. Bí ẹ bá ń rìn lọ, ẹ ó rí pátákó tí wọ́n kọ Pinkuylluna sí, àti àtẹ̀gùn òkúta tó ṣàdédé yà kúrò lójú títì.

Ó rọrùn láti kọjá rẹ̀. Èmi kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọdé kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ló fi àgbọ̀n júwe fún mi, kò tilẹ̀ dìde.

Báwo ni gígun rẹ̀ ṣe pẹ́ tó?

Ìṣẹ́jú ogún sí ogójì ni ẹ máa fi dé àwọn àká ńlá, ó dá lórí bí èémí yín bá ṣe rí. Wákàtí kan àbọ̀ tó fún lílọ, wíwò àti bíbọ̀. Ọ̀nà pínyà lókè, ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ilé mìíràn tó túbọ̀ ga, ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ lè fi wákàtí méjì sí i.

Ẹ má jẹ́ kí bó ṣe kúrú tàn yín jẹ. Kò sí ibi tó tẹ́jú lójú ọ̀nà náà. Láti àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ lẹ ti ń gun òkè, títí ẹ ó fi débẹ̀. Àwọn àtẹ̀gùn náà kò sì dọ́gba: ọ̀kan á dé kókósẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á dé ìdajì ojúgun. Ẹ̀yin tó ti gun òkè Ìdànrè rí máa ní ìrírí tó súnmọ́ ọn, àfi pé afẹ́fẹ́ ibí yìí fẹ́lẹ́ ju ti Ìdànrè lọ. Kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè bíi ti Olúmọ.

Aago mélòó ló dáa jù láti gùn ún?

Àárọ̀. Apá ìlà oòrùn ìlú ni Pinkuylluna wà, nítorí náà òkè fúnra rẹ̀ ló ń ṣíji bo ọ̀nà ní kùtùkùtù, nígbà tí oòrùn ti ń tàn sára odi ńlá tó wà lódìkejì. Ẹ ó gùn ún nínú ìbòòji, ẹ ó sì rí odi náà kedere fún fọ́tò. Ní ọ̀sán, ara yín gan-an ni oòrùn á máa lù.

Wọ́n máa ń ti géètì kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí aago mẹ́ta ọ̀sán bá ti lù tí ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ fi í di ọjọ́ kejì. Sísọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn òkúta yẹn nínú òkùnkùn kì í ṣe eré.

Oṣù wo ló dáa jù?

Oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ojú ọ̀run á mọ́, òkúta á gbẹ, àmọ́ òtútù òru àti ti ìdájí á mú ju ti ọyẹ́ tí a mọ̀ lọ. Oṣù kejìlá sí oṣù kẹta ni òjò ń rọ̀ jù. Òkè á tutù yọ̀yọ̀, koríko á hù, òkúta àtẹ̀gùn náà á sì máa yọ̀. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ dúró kí oòrùn ràn sí i ná.

Kí ni kí n wọ̀, kí ni kí n mú dání?

Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ilẹ̀ mú. Sálúbàtà kò ṣeé gbé lọ. Akẹtẹ̀ tàbí fìlà tó ṣíji bo ojú, ìpara tó ń gba awọ lọ́wọ́ oòrùn (àwa aláwọ̀ dúdú náà, ẹ má dá ara yín lójú, oòrùn orí òkè le), omi lítà kan, àti súwẹ́tà tí ẹ lè bọ́ kí ẹ so mọ́ ìdí. Kò sí ẹni tó ń ta omi lókè, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ ti ṣe gbogbo ìyẹn tán nísàlẹ̀.

Wọ́n ní òkè Perú máa ń gba èémí lẹ́nu èèyàn. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Soroche ni wọ́n ń pe àìsàn náà: orí fífọ́, èébì, àárẹ̀, àìróorunsùn. Cusco ga tó nǹkan bí 3,400 mítà sí ojú òkun, Ollantaytambo sì ga tó nǹkan bí 2,800. Ẹ rí i pé Ollantaytambo rẹlẹ̀ ju Cusco lọ dáadáa. Ọgbọ́n tí àwọn tó mọ ibẹ̀ máa ń dá ni pé bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú ní Cusco, wọn kì í sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, àfonífojì ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, wọ́n á padà wá wo Cusco lẹ́yìn tí ara bá ti mọ́ afẹ́fẹ́ náà.

Ẹ má gun Pinkuylluna ní ọjọ́ tí ẹ bá dé. Ẹ sinmi ọjọ́ kan, ẹ mu omi dáadáa, ẹ fi ọtí sílẹ̀ ná. Bí ẹ bá ń gùn ún tí ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ dúró, gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí orí bá ń fọ́ yín tí kò dáwọ́ dúró, tàbí tí ìrìn yín ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ wá dókítà. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) ní láti bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó kúrò nílé rárá.

Màmá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ṣé wọ́n lè gùn ún? Àwọn ọmọdé ńkọ́?

Orúnkún ni kí ẹ wò, ẹ má wo ọjọ́ orí. Màmá tó ń lọ sọ́jà tó ń bọ̀ láìsí ìrora lè gùn ún díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì àti ẹnì kan tó ń tẹ̀ lé wọn. Sísọ̀ kalẹ̀ ló le ju gígùn lọ. Èmi tí n ò tíì dé ogójì, ìdí ni mo fi wọ́ kọjá àtẹ̀gùn mẹ́ta kan nígbà tí mo ń bọ̀, mi ò sì tijú.

Ọmọ tó bá gbọ́ràn, ó lè lọ, kí ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọmọ tó máa ń já ara rẹ̀ gbà tó bá rí ẹyẹ, ẹ fi í sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n pọ̀n ṣeé gbé lọ, bí ẹni tó pọ̀n ọ́n bá dá ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú.

Ẹ̀rù ibi gíga máa ń bà mí. Ṣé kí n gbìyànjú ẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ibi ni kò ní irin ìdìmú, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan sì ń wo ìsàlẹ̀ tààrà níbi tó fún. Bí ó bá jẹ́ pé ojú máa ń kọ́ yín lórí bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀, ẹ jókòó sí gbàgede, ẹ fi awò wò ó láti ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rù lásán, ẹ máa rìn ní apá òkè, ẹ máa wo àtẹ̀gùn tó kàn, ẹ má wẹ̀yìn títí ẹ ó fi dé ibi tí ẹ lè jókòó sí.

Kí la máa rí lókè?

Ilé gbọọrọ, tóóró, tí a kọ́ tẹ̀ lé ara òkè bí ìpele. Òrùlé koríko wọn ti lọ tipẹ́, ògiri nìkan ló kù, àwọn kan ṣì ga ju èèyàn lọ. Òkúta tí wọ́n ṣà nítòsí ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n fi amọ̀ lẹ̀ wọ́n. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé òkúta pẹlẹbẹ kéékèèké ni wọ́n fi há àárín àwọn ńlá, bí ìgbà tí ìyálé ilé bá fi àpáàdì há ẹsẹ̀ àga tó ń mì.

Fèrèsé ni kí ẹ wò dáadáa. Ọ̀wọ́ kan wà lára ògiri apá òkè, ọ̀wọ́ kan wà lára ògiri apá ìsàlẹ̀. Wọ́n gbà pé láti apá òkè ni wọ́n ti ń da ọkà sínú àká, apá ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o jáde. Ẹni tó ru àpò kò ní gbé e sókè ju èjìká rẹ̀ lọ, ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ̀ ló ń bá a ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ yíjú padà. Ìlú wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ ó rí bí àwọn Ínkà ṣe pín in sí ilà-ilà bí ìwé oníìlà, odi ńlá wà níwájú yín pẹ̀lú àwọn oko tí wọ́n gé bí àtẹ̀gùn, odò sì ń lọ lápá òsì. Lójú tèmi, kò sí ibòmíràn nínú ìlú náà tí a ti lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan báyìí.

Kí ló dé tí wọ́n gbé oúnjẹ lọ sí orí òkè tó ṣòroó gùn báyìí?

Nítorí afẹ́fẹ́ àti òtútù. Oúnjẹ tó wà ní àfonífojì, nítòsí odò àti oko olómi, ọ̀rinrin á mú un, á bu. Lára òkè, afẹ́fẹ́ kì í sinmi, ilẹ̀ sì tutù jù. Wọ́n fi fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì ṣe ojú ọ̀nà fún omi àti afẹ́fẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ ilé. Mo dúró sí àárín ọ̀kan nínú wọn ní aago mẹ́wàá àárọ̀, akẹtẹ̀ orí mi ń mì, etí mi tutù, nígbà tí àwọn tó wà ní gbàgede nísàlẹ̀ ti ń bọ́ súwẹ́tà.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti rí àká àgbàdo tí wọ́n gbé lé orí òpó lóko mọ̀ pé ilẹ̀ ni ọ̀tá ọkà. Àwọn Ínkà rí òkè lò dípò òpó ni.

Mo tún rò pé ìlú gbogbo ń rí i. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko ọba nísàlẹ̀ lè gbójú sókè, kó rí ibi tí oúnjẹ wà, kó sì mọ ẹni tó ni ín.

Irú oúnjẹ wo ni wọ́n ń kó síbẹ̀?

Ohun tó bá jáde nínú àwọn oko tó yí ibẹ̀ ká ni wọ́n gbà pé ó wà níbẹ̀, àgbàdo ló sì jẹ́ ọba nínú wọn ní àfonífojì yìí. Kárí ilẹ̀ Ínkà, wọ́n tún ń kó quinoa (irú ọkà wẹ́wẹ́ kan), pòtétò, aṣọ àti ohun ìjà sínú àká.

Pòtétò tútù kì í pẹ́, nítorí náà wọ́n ń sọ ọ́ di chuño: wọ́n á tẹ́ ẹ síta kí òtútù òru mú un dì, oòrùn ọ̀sán á yọ́ ọ, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ omi inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sì tún sá a títí á fi gbẹ koko. Ẹ pè é ní gbodo pòtétò, ẹ ò jẹ̀bi. Ẹran gbígbẹ wọn ni charki, ẹni tó bá mọ kílíṣí kò nílò àlàyé. Àgbàdo tó hù ni wọ́n fi ń pọn chicha, ó sì jọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wa débi pé mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ilé tó bá gbé ọ̀pá gígùn síta tó so ọ̀rá pupa mọ́ orí rẹ̀, chicha ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ lọ mu ún o, kì í ṣe kí ẹ tó gùn.

Ta ló ni oúnjẹ náà, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣírò rẹ̀ láìsí ìwé?

Ọba ni, ìjọba ni. Ollantaytambo jẹ́ ilẹ̀ Pachacuti, ọba tó sọ ìjọba Ínkà di ńlá. Wọn kì í ná owó, iṣẹ́ ni àwọn ará ìlú fi ń san owó orí: mit'a ni wọ́n ń pè é. Ẹ ó ṣiṣẹ́ lóko ọba, ẹ ó la ọ̀nà, ẹ ó jagun. Nínú àká ni oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ àti ọmọ ogun ti ń jáde. Àká pọ̀ káàkiri ilẹ̀ wọn, ní Huánuco Pampa nìkan, ó tó nǹkan bí 500.

Okùn ni wọ́n fi ń ṣírò. Khipu ni wọ́n ń pè é: okùn ńlá kan tí okùn wẹ́wẹ́ so rọ̀ lára rẹ̀, kókó tí wọ́n ta sí wọn ló ń sọ iye. Kókó tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ń ka ẹyọ, àwọn tó wà lókè rẹ̀ ń ka ẹ̀wá-ẹ̀wá, tókè wọn ń ka ọgọ́rùn-ún. Khipukamayuq ni orúkọ ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Àwọn baba wa náà mọ bí a ṣe ń fi àrokò ránṣẹ́ láìkọ̀wé, ti àwọn wọ̀nyí sì le nínú ìṣirò.

Kí ló dé tí òkúta ibẹ̀ rí gbágungbàgun, tí ti òdìkejì sì dán?

Iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Òkúta ńlá mẹ́fà tó dúró ní ibi tí wọ́n ń pè ní Tẹ́ńpìlì Oòrùn lódìkejì jẹ́ òkúta pupa rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n gbé wá láti Kachiqata, òkè kan tó wà ní ìkọjá odò. Wọn ò tilẹ̀ parí iṣẹ́ náà. Àwọn òkúta kan ṣì wà lójú ọ̀nà níbi tí wọ́n já wọn sílẹ̀ sí, àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n ní òkúta tí àárẹ̀ mú.

Ta ló máa fi irú làálàá bẹ́ẹ̀ kọ́ àká? Ohun tí àká nílò ni kó gbẹ, kó sì dúró. Ó dúró.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n jagun níbẹ̀?

Ní 1536, Manco Inca, ọba àwọn Ínkà, kógun ti àwọn ará Sípéènì ní Cusco. Nígbà tó di oṣù kìíní 1537, Hernando Pizarro, ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun Sípéènì, kó ọmọ ogun wá bá a ní Ollantaytambo. Àwọn Ínkà dúró lórí àwọn oko onípele, wọ́n ń ju òkúta, wọ́n ń ta ọfà sísàlẹ̀, wọ́n sì ya omi odò sórí pápá títí ilẹ̀ fi di ẹrọ̀fọ̀ mọ́ ẹṣin àwọn ará Sípéènì nídìí. Pizarro sá padà sí Cusco. Ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ogun tí àwọn Ínkà ti ṣẹ́gun wọn lójúkojú nìyẹn.

Nígbà tó yá, Manco rí i pé wọ́n á padà wá pẹ̀lú èèyàn púpọ̀ sí i, ó sì kó lọ sínú igbó Vilcabamba. Ibẹ̀ ni ìdílé rẹ̀ ti jọba títí di 1572, nígbà tí àwọn ará Sípéènì mú Túpac Amaru, ọba wọn tó kẹ́yìn, tí wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí ní gbàgede Cusco. Láti orí Pinkuylluna, ẹ ó rí pápá tí omi náà bò.

Wọ́n ní ojú èèyàn kan wà lára òkè náà. Ta ni?

Wiracocha, òrìṣà ẹlẹ́dàá àwọn Ínkà, ni àwọn amọ̀nà ń pè é, àwọn míì ní Tunupa, ìránṣẹ́ rẹ̀, ni. Ẹ ó rí iwájú orí, ojú tó fà ro, imú àti irùngbọ̀n. Àwọn kan ní àwọn Ínkà ló gbẹ́ ẹ, àwọn kan ní bí Ọlọ́run ṣe dá òkúta náà nìyẹn. Lójú tèmi, òkúta ló kọ́kọ́ jọ ojú, àwọn èèyàn wá ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, bóyá pẹ̀lú ọwọ́, bóyá pẹ̀lú ẹnu.

Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ẹni tó bá gun òkè náà kò ní rí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ dúró sí. Gbàgede tàbí odi ńlá ni ẹ ti máa rí i kedere.

Ṣé wọ́n ń bọ nǹkan lórí òkè yẹn?

Ọ̀pọ̀ ará Andes, ìyẹn àwọn òkè ńlá agbègbè yìí, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ṣì gbà pé òkè ńlá ní ẹ̀mí. Apu ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á mú ewé koka mẹ́ta, k'intu nìyẹn, wọ́n á fẹ́ èémí sí i, wọ́n á fi bẹ òkè. Kí wọ́n tó mu chicha, wọ́n á ta díẹ̀ sílẹ̀ fún Pachamama, ìyẹn ìyá ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ ṣe é. Bí ẹ bá rí ewé tàbí òkúta tí wọ́n tò sí kọ̀rọ̀ kan, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ṣé a lè gun orí ògiri àwọn àká náà fún fọ́tò?

Rárá. Amọ̀ ló mú òkúta yẹn mọ́ra, kò sí símẹ́ńtì. Ẹsẹ̀ yín lè já a sọ̀ kalẹ̀, ó sì lè já yín náà. Ẹ má mú òkúta kankan lọ sílé.

Ṣé mo nílò amọ̀nà?

Fún ojú ọ̀nà, ẹ ò nílò rẹ̀. Fún ìtàn, ó dáa. Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n, torí àwọn kan ń fi ìtàn àwọn ará òfurufú kún un. Ẹni tó bá dá wà kó sọ fún ilé ìtura tó wọ̀ sí pé òun ń lọ. Èdè Sípéènì ni wọ́n ń sọ jù, bí ẹ bá sì fi "allillanchu" ti Quechua kí àgbàlagbà, ojú rẹ̀ á là.

Mo fẹ́ lọ Machu Picchu lọ́jọ́ kan náà. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti ọ̀sán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀, ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ tó lù. Láti gbàgede sí ibùdókọ̀ ojú irin, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni fún ẹlẹ́sẹ̀. Ẹrù ńlá kò ṣeé gbé wọ ọkọ̀ náà, kò sì ṣeé gbé gun òkè, ẹ fi pamọ́ sí ilé ìtura, kí ẹ mú báàgì kékeré.

Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mò ń lò. Kí ni mo nílò?

Ẹ gbọ́dọ̀ gba físà Perú kí ẹ tó gbéra. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Bírítéènì tàbí ti Amẹ́ríkà kò nílò físà fún ìrìn-àjò afẹ́. Ẹ tún wo orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ òfurufú yín máa yà sí lọ́nà, torí ìyẹn lè béèrè físà tirẹ̀ fún ìkọjá. Ẹ mú yẹ́lò káàdì dání.

Tíì ewé koka tí wọ́n ń fún wa mu ńkọ́? Ṣé mo lè mú díẹ̀ bọ̀ wá sílé?

Ní Perú, kò sófin tó kà á léèwọ̀, ilé ìtura máa ń gbé e sílẹ̀ fún àlejò bí a ṣe ń gbé omi fún àlejò. Ó ń dín orí fífọ́ kù fún àwọn kan, èmi ò rí ìyàtọ̀ kankan ju ti tíì gbígbóná lásán lọ.

Ẹ má mú un kọjá ibodè, ì báà ṣe ewé, ì báà ṣe báàgì tíì tàbí súìtì. Ó lòdì sófin ní Bírítéènì, ní Amẹ́ríkà àti ní Nàìjíríà, aṣọ́bodè kò sì ní gba "tíì lásán ni" lẹ́nu yín. Bí ó bá sì jẹ́ pé wọ́n máa ń yẹ ìtọ̀ yín wò níbi iṣẹ́ nítorí oògùn olóró, ẹ má mu ún rárá, torí ife kan péré lè jẹ́ kí èsì náà sọ pé ẹ lo kokéènì. Wọ́n ní ewé muña pẹ̀lú, ó ń ta sánsán bíi míǹtì, òun ni kí ẹ béèrè.